ÌWÉ OÚNJẸ TÍ KÒ NÍ IYE OWÓ

Ìwàásù orí tẹlifíṣọ̀n, gẹ́gẹ́ bí Pásítọ̀ ṣe sọ ọ́
Bíbélì kíkà: Jòhánù 13:6-8, Aísáyà 55:1, Sámúẹ́lì Kejì orí 9

Mi ò ní pariwo púpọ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ ìtìjú ara mi ni mo fẹ́ sọ. Ìyàwó mi ní kí n má sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n Ẹ̀mí Mímọ́ kò jẹ́ kí n sinmi. (Ẹ̀rín) Ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn, òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ bá mi ṣí Jòhánù orí 13. Ẹ mọ ibẹ̀ dáadáa. Jésù di aṣọ ìnura mọ́ ìbàdí, ó bu omi sínú àwokòtò, ó ń fọ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Pétérù, Pétérù ní rárá, kò ní ṣẹlẹ̀ láéláé. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ló ń ṣe é. Èmi náà ti wàásù ẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, lórí pẹpẹ yìí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Ìrẹ̀lẹ̀ kọ́ o. Ìlú London ni mo ti kọ́ ọ, nídìí tábìlì oúnjẹ.

Ní ọdún 2016, ìjọ kan pe èmi àti ìyàwó mi lọ síbẹ̀ láti wá wàásù fún ọjọ́ mẹ́ta. Arákùnrin kan wà ní ìjọ náà tí mo ti mọ̀ tipẹ́. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Bọ́ọ̀sì ló ń wà ní London. Nígbà tí a parí ìpàdé lọ́jọ́ Sunday, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àti Mọ́mì, ẹ má jẹun ọ̀sán lọ́la o. Mo fẹ́ gbé yín jáde lálẹ́."

Ará, inú mi dùn! Ẹ̀yin tí ẹ ti dé London rí, ẹ mọ Peckham, ẹ mọ Old Kent Road. Ọ̀nà ibẹ̀ lọkàn mi gbà lọ. Mo ti rí iyán, mo ti rí ẹ̀gúsí, mo ti ń rí ọ̀gúnfe lójú ẹ̀mí. (Ẹ̀rín) Mi ò jẹ oúnjẹ àárọ̀, mi ò jẹ tọ̀sán. A wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, mo rí i pé a ò kọrí sí gúúsù ìlú mọ́. Marble Arch la ti jáde. A fẹsẹ̀ rìn wọ Mayfair, àdúgbò tó jẹ́ pé mọ́tò tí wọ́n páàkì sẹ́bàá ọ̀nà, ọ̀kan ṣoṣo nínú ẹ̀ á kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. A dúró níwájú ilé kan tí kò ní pátákó ńlá, tí kò ní iná tó ń ṣẹ́jú. Ilé oúnjẹ àwọn Faransé ni.

Lẹ́nu ọ̀nà, arákùnrin tó ṣílẹ̀kùn wo aṣọ mi. Ṣẹ́ẹ̀tì àti súwẹ́tà ni mo wọ̀, torí òtútù. Ó fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀, ó ní òfin ilé ni pé kí ọkùnrin wọ kóòtù jókòó. Kó tó di pé ojú tì mí tán, ó ti mú kóòtù kan jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tí wọ́n tọ́jú fún irú èmi. Apá ẹ̀ gùn kọjá ìka ọwọ́ mi. Ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ, Mátíù orí 22, aṣọ ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n mi ò ní wàásù ìyẹn lónìí. Èyí tó dùn mí jù ṣì wà níwájú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí a wà fún ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ má baà rò pé ilé ẹja àti pọ̀tétò díndín ni. Ìwé kan wà tí ilé-iṣẹ́ Michelin ń tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Michelin táyà! Ní 1900 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, kí àwọn onímọ́tò lè mọ ibi tí wọ́n á ti jẹun àti ibi tí wọ́n á sùn bí wọ́n bá ń rìnrìn àjò, kí táyà lè tètè jẹ, kí wọ́n ra òmíràn. Ọlọ́gbọ́n ni wọ́n. Ní 1926 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìràwọ̀ sára orúkọ ilé oúnjẹ tó bá dára, ní 1931 wọ́n gbé e dé ìràwọ̀ 3. Títí dòní, alásè lè sunkún bí ó bá pàdánù ìràwọ̀ kan. Ní London níbẹ̀, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Albert àti Michel Roux, ṣí ilé oúnjẹ Faransé tí wọ́n ń pè ní Le Gavroche ní 1967. Ní 1982, òun ló kọ́kọ́ gba ìràwọ̀ 3 ní gbogbo ilẹ̀ Bìrìtéènì. Àwọn méjèèjì ti kú, ilé oúnjẹ náà ti tilẹ̀kùn ní January 2024. Kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n gbé wa lọ o. Ohun tó jẹ́ kí n dárúkọ ẹ̀ ni Gavroche fúnra ẹ̀. Ọmọ ìgboro ni, nínú ìwé Victor Hugo, ọmọ tí kò ní ilé, tí ebi ń pa ní Paris. Orúkọ ọmọ tí ebi ń pa ni wọ́n fi sára tábìlì àwọn olówó. Ọ̀rọ̀ náà máa ń yà mí lẹ́nu.

Ẹ tún gbọ́ eléyìí. Orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pe ilé oúnjẹ, restaurant, èdè Faransé ni. Ohun tó ń mú ara padà bọ̀ sípò ló túmọ̀ sí. Omi ẹran tí wọ́n sè títí fún ẹni tí ara ẹ̀ kò yá ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀ ní Paris. Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ, àwọn onímọ̀ ìtàn kan kò gbà pé ó ṣẹlẹ̀, nítorí náà ẹ gbà á bí ìtàn. Wọ́n ní ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Boulanger, tó ń ta omi ẹran náà ní 1765, gbé pátákó kọ́ síta ní èdè Látìn. Ọ̀rọ̀ Jésù inú Mátíù 11:28 ló yí padà, ó ní kí gbogbo ẹni tí inú ń yọ lẹ́nu máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Bóyá ó ṣẹlẹ̀, bóyá kò ṣẹlẹ̀, ẹni tó sọ ìtàn yẹn mọ̀ pé ohun tí ebi ń wá lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ kò jìnnà sí ohun tí ẹlẹ́ṣẹ̀ ń wá lọ́dọ̀ Jésù.

Ó dáa, a jókòó. Aṣọ funfun lórí tábìlì, fọ́ọ̀kì mẹ́ta lọ́wọ́ òsì, ọ̀bẹ mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìyàwó mi rọra sọ fún mi pé ti ìta ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Níbo ló ti kọ́ ọ, mi ò mọ̀ dòní. (Ẹ̀rín) Ẹnì kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wáìnì nìkan niṣẹ́ ẹ̀. Ẹ má bi mí o, omi la mu. A ò tíì béèrè nǹkan kan, wọ́n gbé nǹkan kékeré mẹ́ta wá, kò ju èèkánná àtàǹpàkò lọ. Mo ní, "Ta ló ní kí wọ́n gbé e wá?" Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gbé e wá, ẹ̀bùn ọ̀gá alásè ni.

Ìgbà yẹn ni wọ́n kó ìwé oúnjẹ lé wa lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ará, Àkáǹtì ni mo kà ní yunifásítì. Kí n tó mọ̀ bóyá nǹkan dùn, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iye tí wọ́n ń tà á. Mo ṣí ìwé náà, mo wo apá ọ̀tún, kò sí nọ́ńbà níbẹ̀. Mo ṣí ojú ewé kejì, kò sí nǹkan kan. Mo wo ti ìyàwó mi, bákan náà. Mo wá na ọrùn wo ti arákùnrin yìí. Nọ́ńbà kún tiẹ̀ fọ́fọ́! Ó rí mi, ó rọra yí ìwé ẹ̀ padà. Mo pe agbáwo, mo ní ó jọ pé àṣìṣe ti ṣẹlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kò sí àṣìṣe. Àṣà àtijọ́ ni, pé ní irú ibi báyìí, ẹni tó gba èèyàn lálejò nìkan ni wọ́n ń fún ní ìwé tó ní iye owó. Àlejò, kó ṣáà yan ohun tó wù ú.

Ẹ sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pé, "Tèmi kò ní iye owó." (Ìjọ sọ ọ́) Kì í ṣe pé oúnjẹ náà kò ní iye owó o! Iye ẹ̀ wà, ọwọ́ ẹlòmíì ló wà.

Kí lẹ rò pé èmi Pásítọ̀ ṣe? Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́wàá wàásù oore-ọ̀fẹ́? Ara mi kò balẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ó ní ọmọ mẹ́ta, ó ń san owó ilé. Mo ní kí wọ́n gbé súùpù nìkan wá fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ẹran, ẹ mú ẹja." Mo ní rárá. Ó bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kejì. Mo wá sọ fún un pé mo wà nínú ààwẹ̀ díẹ̀.

(Ìjọ pariwo) Ẹ pariwo dáadáa! Irọ́ ni mo pa. Pásítọ̀ pa irọ́ nídìí tábìlì, ó tún fi ààwẹ̀ pa á! Ebi ń pa mí débi pé inú mi ń dún. Ìyàwó mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, kóówá ẹ mọ irú ìtẹ̀ yẹn. Òun ní tiẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé pẹ́pẹ́yẹ wá. Ó jẹ ẹ́, ó ṣojú fìn-ín, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ arákùnrin náà lẹ́yìn gbogbo òkèlè, inú ọmọkùnrin yẹn dùn. Wọ́n ti kẹ̀kẹ́ wàràkàṣì kan kọjá, ọ̀kan nínú ẹ̀ ń rùn bí ògìrì, ìyàwó mi tún tọ́ ọ wò. Èmi jókòó ti súùpù. Mo gba ìwà mímọ́ wọ̀ bíi kóòtù tó gùn jù mí lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó wà nínú oúnjẹ tí mo kọ̀ yẹn. Ọkùnrin Faransé kan, Auguste Escoffier, ló wá sí London ní 1890, sí hótẹ́ẹ̀lì Savoy. Ó ti dáná fún ọmọ ogun rí, ó sì to ilé ìdáná bíi bárékè. Ẹni tó ń ṣe ọbẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ibi ẹja, ẹni tó ń yan ẹran wà láyè ẹ̀, ẹni tó ń ṣe oúnjẹ dídùn wà láyè tiẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń ṣe é ní irú ibi báyìí. Omi egungun tí wọ́n fi se ọbẹ̀, ó ti lè wà lórí iná láti àná. Àwo kan tó dé iwájú rẹ, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ti kọjá, àti ọwọ́ ẹni tó ń fọ àwo lẹ́yìn lọ́hùn-ún, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ wa. Gbogbo làálàá yẹn ni mo ní mi ò fẹ́.

Kò tán síbẹ̀. Nígbà tí bílì dé, mo yọjú wò ó. Ó ju pọ́n-ùn 200 lọ. Lọ́dún yẹn, owó oṣù tó kéré jù nílé jẹ́ 18,000 náírà. Iye tó wà lórí ìwé yẹn ju owó oṣù mẹ́rin irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Àyà mi já. Mo ti ọwọ́ bọ àpò, mo yọ àpòòwé tí ìjọ fún mi lọ́jọ́ Sunday, mo gbé e lé orí bílì náà, níṣojú agbáwo. Mo ní, "Àbúrò, má da ara ẹ láàmú."

Ojú ọmọkùnrin yẹn yí padà. Ó rọra gbé àpòòwé náà padà síwájú mi. Ó sanwó. Ó dìde, ó lọ sílé ìtura, ó pẹ́ níbẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú irin tí a wọ̀ padà, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí a délé ni ìyàwó ẹ̀ sọ fún tèmi ní kíṣìnnì pé láti ìgbà tí wọ́n ti kéde pé à ń bọ̀, oṣù mẹ́jọ, ló ti ń fi ọjọ́ Saturday ṣe àfikún iṣẹ́, tó ń tọ́jú owó náà sọ́tọ̀.

Mo lọ bá a ní pálọ̀ láti ṣàlàyé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó." Ó ní, "Ní 2001, nígbà tí mo dé Ifẹ̀, mi ò rí yàrá, mi ò lówó. Ẹ ní kí n wá máa sùn lórí máàtì nínú yàrá yín ní Awo Hall. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo jẹ gàrí yín, mo jẹ ẹ̀wà yín, mo jẹ ìrẹsì tí màmá yín fi ránṣẹ́. Ẹ ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ iye ẹ̀ ni? Mo máa ń rí yín tí ẹ̀yin fúnra yín ń fi omi pa ebi lópin oṣù. Ojú tì mí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n mo gbà á, torí mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n, èmi gba oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ̀yin ò lè gba alẹ́ ọjọ́ kan lọ́wọ́ mi."

(Ìjọ dákẹ́)

Mo fẹ́ sọ pé mo gbàgbé máàtì yẹn. Lóòótọ́ ni, mo ti gbàgbé. Òun kò gbàgbé.

Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tó ń ṣe Pétérù. Ó wù wá ká jẹ́ olùfúnni, torí ẹni tó ń fúnni ló wà lókè. Ẹni tó ń gbà ní láti tẹ́wọ́. Pétérù lè gé etí èèyàn nítorí Jésù, ó lè ṣèlérí pé òun á bá a kú, ṣùgbọ́n kó jókòó kí wọ́n fọ ẹsẹ̀ òun tó dọ̀tí, apá kò ká a. Jésù sì sọ fún un kedere pé bí òun kò bá fọ̀ ọ́, kò ní ìpín lọ́dọ̀ òun. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó! Kò ní, "Ó ṣeun, o nírẹ̀lẹ̀." Ó ní kò ní ìpín.

Ẹ wo Mẹfibóṣẹ́tì nínú Sámúẹ́lì Kejì orí 9. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló rọ, ọmọ ilé ọba tó ti ṣubú ni, inú ilé onílé ló ń gbé ní Lódébárì. Dáfídì ránṣẹ́ pè é nítorí Jónátánì. Ohun tó jáde lẹ́nu ẹ̀ ni pé òkú ajá lòun. Òun náà fẹ́ máa ṣàlàyé! Dáfídì kò dá a lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ajá. Síbà ló yí sí, ó ní Mẹfibóṣẹ́tì á máa jẹun nídìí tábìlì òun nígbà gbogbo. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú Mẹfibóṣẹ́tì ni pé ó jókòó, ó jẹ ẹ́. Kò ní òun wà nínú ààwẹ̀.

Aísáyà 55 ní ká wá ra, láìsí owó. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ka Àkáǹtì, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dà mí láàmú, torí kò sí ohun tí wọ́n ń rà láìsí owó, ẹnì kan ní láti san án. Pétérù kan náà ló wá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, orí 1, ẹsẹ 18 àti 19, pé kì í ṣe fàdákà tàbí wúrà la fi rà wá padà, ẹ̀jẹ̀ Jésù ni. Ó ti dàgbà nígbà yẹn. Ó ti rí bílì.

Arábìnrin kan wà nínú ìjọ yìí, ó ní kí n sọ ọ́, bí mi ò bá ti dárúkọ òun. Ohun kan ṣẹlẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó ṣẹ́ oyún, ó kù díẹ̀ kó kú. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yìí ní gbogbo Saturday. Gbogbo wa ń yìn ín, èmi náà ń fi í ṣe àpẹẹrẹ. Ọjọ́ tó wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti ń tó?" Mo ní, "Kí ló ń tó?" Ó ní, "Gbígbálẹ̀ yìí. Ṣé ó ti ń san án?" Ará, mo bá a sunkún. Ọdún mọ́kànlá ló fi jókòó ti súùpù, tí oúnjẹ wà níwájú ẹ̀.

Mi ò sọ pé kí ẹ má gbálẹ̀ mọ́ o. Mi ò sì sọ pé kí ẹ má mú ìdámẹ́wàá wá, ìgbìmọ̀ alàgbà á pè mí lọ́la. (Ẹ̀rín) Arábìnrin náà ṣì ń gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ń kọrin báyìí bó ṣe ń gbá a, tẹ́lẹ̀ kì í kọrin.

Ẹ ó béèrè nípa arákùnrin mi. Mo tọrọ àforíjì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jẹ́wọ́ irọ́ ààwẹ̀ náà pẹ̀lú. Ó ní kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n wàhálà wà. Ó tó ọdún kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbé fóònù mi. Ní 2018, bàbá ẹ̀ kú, ó wálé wá sìnkú ní Iléṣà. Mo lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, màmá ẹ̀ gúnyán, ó bu ẹ̀fọ́ rírò, ó kó ẹran ìgbẹ́ lé e lórí. Àwo náà tóbi bí agbọ̀n. Mo ti jẹun kí n tó dé, nílé ẹlòmíì. Arákùnrin yìí gbé àga wá, ó jókòó síwájú mi, ó káwọ́ lẹ́rán, ó ń wò mí. Mo bọwọ́ sí i. Mo jẹ ẹ́ títí òógùn fi bò mí, mo bọ́ fìlà, mo tún jẹ. Nígbà tó ku òkèlè méjì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ mọ iye ẹ̀?" Mo ní, "Rárá o, bu omi ọbẹ̀ sí i fún mi." Ó rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ pé ó ti dárí jì mí.

Ẹ dìde dúró, kí gbogbo ojú wà ní pípadé. Ẹnì kan wà níbí, ẹnì kan sì wà níwájú tẹlifíṣọ̀n nílé, tó ti ń gbìyànjú láti san nǹkan kan fún Ọlọ́run láti ọjọ́ pípẹ́. Ìwọ lo mọ nǹkan náà. Mi ò ní sọ pé kó o ṣèlérí ohunkóhun lónìí. Ṣáà tẹ́ ọwọ́ rẹ méjèèjì báyìí, bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan, kó o sì sọ pé, "Jésù Olúwa, mo gbà á." Tún un sọ. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ má tíì gbé àpótí ọrẹ wá. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà.